Ṣé a lè wo Jingle Jangle pẹ̀lú màmá àgbà lọ́jọ́ Kérésì?

Ìyá Àdùkẹ́, Manchester:

Ẹ kú ìmúra ọdún, ẹ̀yin ará mi. Màmá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá láti bá wa ṣe ọdún Kérésì, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí àwọn ọmọ mi méjèèjì, Àdùkẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 àti àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 5, yóò ṣe ọdún pẹ̀lú ìyá àgbà wọn nínú ilé kan náà. Mo ń wá fíìmù kan tí gbogbo wa lè jókòó wò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé tí a sì ti jẹun tán. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi dárúkọ Jingle Jangle, èyí tí Netflix gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ó ní àwọn èèyàn dúdú ló kún inú rẹ̀ àti pé ìdílé òun kì í ṣe ọdún kí wọ́n má wò ó.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé díákónì ni màmá mi nínú Ìjọ Onítẹ̀bọmi, wọn kì í sì í fẹ́ kí a gbé eré tí wọ́n ti ń pidán tàbí tí wọ́n ti ń pe ọfọ̀ síwájú ọmọdé. Nínú àfihàn ránpẹ́ tí wọ́n fi ń polówó fíìmù yìí, mo rí ọmọláǹgidi tó ń sọ̀rọ̀, mo sì rí ọmọbìnrin tó ń fò lójú afẹ́fẹ́. Ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò mú wọn dìde kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n? Bákan náà, wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bá yá lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ tó kù ni pé bàbá mi jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún yìí, àbúrò Àdùkẹ́ ṣì máa ń béèrè wọn lóru, n kò sì fẹ́ kí fíìmù tí mo fẹ́ fi mú inú wọn dùn wá ṣí ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹni tó ti wò ó là mí lọ́yẹ̀.

Bàbá Adéọlá, Peckham:

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kú ará fẹ́ra kù bàbá. Ọlọ́run yóò tu màmá àti ẹ̀yin náà nínú.

Ìgbà mẹ́ta ni mo ti wo fíìmù yìí pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, n ó sì kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ idán nítorí mo rí i pé òun ló wúwo jù lọ́kàn yín. Kò sí ọfọ̀ níbẹ̀, kò sí oṣó tàbí àjẹ́, kò sì sí ẹ̀mí kankan tí ẹnikẹ́ni ń ké pè. Jeronicus Jangle, tí Forest Whitaker ṣe, jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní ìlú inú ìtàn kan tí wọ́n ń pè ní Cobbleton. Ìṣirò àti ẹ̀rọ ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí òun tàbí Journey ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá ń ronú, a óò rí àwọn nọ́ńbà tó ń tàn yòò lójú afẹ́fẹ́, wọn yóò sì máa fọwọ́ tì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ìṣirò náà yóò fi yọrí. Bí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún màmá, n kò ní pè é ní idán, ọgbọ́n-inú ni n ó pè é, nítorí ohun tí mo rí nìyẹn: ọmọbìnrin dúdú kan tó fẹ́ràn ìṣirò, tí kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ọmọláǹgidi tó ń sọ̀rọ̀ tí ẹ rí yẹn ni Don Juan Diego, Ricky Martin ló fi ohùn sí i lẹ́nu. Rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tún wà tó ń jẹ́ Buddy, tí kì í dìde àfi bí ẹni tó dúró tì í bá gbàgbọ́, mo sì mọ̀ pé díákónì yóò ní ohun tí wọn yóò sọ nípa ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹ kàn jẹ́ kó yé wọn ṣáájú pé fíìmù náà kò dá lórí ìbí Jésù. Kérésì tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti yìnyín, ti ẹ̀bùn àti ti ìdílé.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù ni ọ̀rọ̀ Gustafson, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ Jeronicus. Télọ̀ ni bàbá mi ní Ìbàdàn, ṣọ́ọ̀bù wọn ni mo dàgbà sí, mo sì mọ bí ojú ọmọ iṣẹ́ ṣe máa ń rí nígbà tó bá gbé ohun tó fúnra rẹ̀ ṣe wá tí ọ̀gá sì ní kó dúró ná nítorí oníbàárà wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Gustafson ṣe dúró. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rí ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó bojú wẹ̀yìn wo ohun tí ọmọ iṣẹ́ gbé lọ́wọ́, Don Juan Diego sì rí àyè sọ̀rọ̀ sí i létí. Kò dúró kí wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún un; ó gbé ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ gbogbo àrà rẹ̀ sí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé yẹn ló fi di gbajúgbajà, ọ̀gá sì di ẹni tó ń gba ẹrù onígbèsè dógò nínú ṣọ́ọ̀bù tí ọmọdé ti ń rọ́ wọ̀ tẹ́lẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀bi ọ̀gá wà níbẹ̀. N kò ní sọ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe parí, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ náà ni ẹ máa ṣọ́.

Olùkọ́ Ọmọdé, Houston:

Mo kí gbogbo yín. Mo fara mọ́ ohun tí Bàbá Adéọlá sọ nípa idán, nítorí pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọdé, n kò sì rí ohun tí ó lè ba ìgbàgbọ́ ọmọ jẹ́ nínú fíìmù náà. Àmọ́ n kò lè gbà pé kí a dá ẹ̀bi olè lé ọ̀gá lórí nítorí pé ó ní kí ọmọ iṣẹ́ dúró. Ọmọ iṣẹ́ mélòó ni kò tíì dúró rí? Àwọn tó ṣe fíìmù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ òfin fi tẹ Gustafson kí wọ́n tó jẹ́ kí àánú dé.

Ní ti àbúrò Àdùkẹ́, ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́jú 122 ni fíìmù náà, ó sì gùn fún ọmọ ọdún 5. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Joanne ìyàwó Jeronicus kú. Wọn kò dúró pẹ́ lórí ikú náà, ohun tí wọ́n dúró lé lórí ni ọkọ tó pa ara rẹ̀ mọ́ inú ilé, tí kò fẹ́ orin mọ́, tí òun àti Jessica ọmọ rẹ̀ sì yà. Mo rò pé màmá ni ọ̀rọ̀ yìí lè kàn ju ọmọdé lọ. Bó bá jẹ́ èmi ni, n ó sọ fún wọn kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ pé ọkùnrin opó kan ni ìtàn náà dá lé lórí, kó má baà já lù wọ́n láìròtẹ́lẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti lè ba ọmọ kékeré ni ìgbà tí Journey àti Edison ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ilé iṣẹ́ Gustafson láti gba Buddy padà, tí wọ́n sì ń sá nínú ihò tí fáànù ńlá kan wà níwájú rẹ̀. Ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín ní ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè kò le. Ìyá àgbà kan, tí Phylicia Rashad ṣe, ló jókòó nídìí iná tó ń sọ gbogbo ìtàn náà fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pàlọ́ nílé. Nígbàkigbà tí ó bá ti tún gba ọ̀rọ̀ sọ, ẹ dá fíìmù dúró, kí Àdùkẹ́ fi Yorùbá sọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ fún màmá. Ọmọ ọdún 9 lè ṣe é, màmá yóò sì bá a tún ibi tó bá kù ṣe. Àwọn orin rẹ̀ kò nílò ìtumọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí David E. Talbert tó darí rẹ̀ ti pẹ́ nídìí eré orí ìtàgé, ojú àti ìrìn àwọn òṣèré náà sì ń sọ ohun tí wọ́n ń kọ lórin.

Ìyá Aláńkárá, Norwich:

Ẹ má gbàgbé aṣọ o! Michael Wilkinson ló ṣètò rẹ̀, ó mú ìrísí aṣọ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ẹ̀wù gígùn àti fìlà gíga, ó sì fi àwọn àwọ̀ àti bátànì tí a mọ̀ mọ́ áńkárá kún un. Èmi tí mo ń rán aṣọ, mo dá fíìmù náà dúró lẹ́ẹ̀kan kí n lè wo ọwọ́ kóòtù kan dáadáa. Irun wọn náà, dídì àti kíkó, kò sí èyí tí a kò lè ṣe fún ọmọ tiwa lọ́jọ́ ọdún. Wọ́n ya lára fíìmù náà ní Elm Hill níbí, òpópónà olókùúta àtijọ́ tí mo máa ń gbà lọ sọ́jà, ó sì máa ń dùn mọ́ mi láti fi hàn fún àwọn ọmọ mi pé Cobbleton kò jìnnà sí ilé wa.

Ìyá Àdùkẹ́, nígbà tí Journey àti àwọn ọmọdé ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju yìnyín lu ara wọn, ẹ gbé ohùn sókè díẹ̀. Orin Bisa Kdei, akọrin hailáìfù ọmọ Ghana, ni wọ́n lù sí i. Màmá lè má gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn yóò mọ ìlù.

Ìyá Àdùkẹ́, Manchester:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará mi, ẹ ti gbé ẹrù kúrò lórí mi. Mo ka ìdáhùn yín sí màmá létí lálẹ́ àná, títí kan ọ̀rọ̀ ọkùnrin opó náà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ní kí a wò ó. Àdùkẹ́ ti ń béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí a ń pe ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, dógò àti rọ́bọ́ọ̀tì ní Yorùbá, ó sì ń kọ wọ́n sínú ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí màmá béèrè lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó lọ sùn ni bóyá ọmọ iṣẹ́ náà dá ìwé ọ̀gá rẹ̀ padà.