Níbo ni "dá" wà nínú "ọkọ̀-òfurufú-àìmọ̀"?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ẹnìkan nínú wa dá "ọkọ̀-òfurufú-àìmọ̀" lábàá fún ohun tí àwọn awakọ̀ bàálù ológun Amẹ́ríkà ń rí lókè tí wọn ò lè dá mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ ìwé ìròyìn.

Ta ló sọ pé ọkọ̀ ni? Àwọn Amẹ́ríkà ti kúrò lórí UFO ("unidentified flying object", ohun tó ń fò tí a kò dá mọ̀) lọ sórí UAP. P rẹ̀, "phenomena", ìṣẹ̀lẹ̀ ni, kì í ṣe ohun, ká má tíì sọ ọkọ̀. Ẹ wo fídíò "Go Fast" tí bàálù ọmọ ogun ojú omi yà ní 2015. Lójú, nǹkan kékeré kan ń sáré bí àṣá lórí òkun. Ẹ wá ka iye tó wà lára àwòrán: bàálù wà ní ẹsẹ̀ bàtà 25,000. Ẹ fi igun tí kámẹ́rà fi wolẹ̀ àti bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó ṣírò, kò sí nítòsí omi rárá. Ìgbìmọ̀ NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ṣe ìṣirò náà ní 2023: nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 13,000 ló wà, eré rẹ̀ tó máìlì 40 ní wákàtí kan. Bàálù tó ń yàwòrán ló ń sáré. Omi tó ń kọjá lẹ́yìn nǹkan náà ló tan ojú jẹ. Atẹ́gùn lásán lè gbé irú rẹ̀. Ẹ ti fi "ọkọ̀" dájọ́ kí ẹjọ́ tó dé.

"Àìmọ̀" ló dùn mí jù. Ní 14 oṣù Kọkànlá 2004, létí òkun gúúsù California, rédà ọkọ̀ ogun ojú omi Princeton ni wọ́n fi darí bàálù ogun F/A-18 méjì lọ wo nǹkan kan. Àwọn awakọ̀ wọn, David Fravor àti Alex Dietrich, pẹ̀lú ẹni kọ̀ọ̀kan tó jókòó lẹ́yìn wọn, fojú rí i: ó funfun, kò ní ìyẹ́, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà 40. Wọ́n sọ àwọ̀ rẹ̀, wọ́n sọ ìrísí rẹ̀. Èwo ni àìmọ̀ níbẹ̀? Dídá mọ̀ ni kò ṣeé ṣe. Àti pé lórí fóònù tí kò sí àmì ohùn, "àìmọ̀" àti "àìmọ́" ò yàtọ̀. Ẹni tó bá ti ka "ẹ̀mí àìmọ́" nínú Bíbélì á kà á sí ọkọ̀ ẹlẹ́gbin. Ẹ fi "dá" sí i, àṣìkà yẹn ò sí mọ́.

"Àrímáàdámọ̀" ni mo fara mọ́, bí àwọn baba wa ṣe sọ àwámáàrídìí. Ó tún gba àyè ìyọkúrò: nínú ìròyìn 144 tí ìjọba Amẹ́ríkà yẹ̀ wò ní oṣù Kẹfà 2021, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dá mọ̀, bàlúùnù ńlá tí afẹ́fẹ́ ń tán nínú rẹ̀. Ọ̀kan yẹn ti kúrò ní àrímáàdámọ̀.

Ẹ̀gbọ́n tó ní ká lo "abàmì", mo gbọ́. Láti oṣù Kejìlá 2022 tí wọ́n ti yí A inú UAP padà láti "aerial" (ti òfurufú) sí "anomalous" (tó ṣàjèjì), abàmì súnmọ́ ọn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abàmì ti gbé ẹ̀rù dání. Ti "sánmà" tí ẹ sì fẹ́ fi rọ́pò òfurufú, Lárúbáwá ni, ẹyẹ kì í sì í fò ní sánmà.

Ó ku ohùn orí "máà" inú àrímáàdámọ̀: máà-dá ni ká kọ, àbí má-dàá?