Trumpet ọ̀fẹ́ inú kọ̀ǹpútà mi ń dún bí ike. Ẹ gbà mí o!

Ayọ̀_UnderG
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Orin ìyìn ni mò ń ṣe fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa níbí ní Ogbómọ̀ṣọ́. Kò sí owó tí mo lè fi ra ohùn ohun èlò orin inú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí mò ń lò: dùùrù Salamander, strings ti LABS, àti VSCO 2 Community Edition fún trumpet. Dùùrù yẹn wọ̀ mí létí gan-an. Trumpet ló ń tì mí lójú. Ọ̀gá akọrin wa gbọ́ ọ, wọ́n ní ṣé fèrè ike táwọn ọmọdé ń fọn nígbà Kérésì nìyẹn. Mo da reverb (ìró tó ń dún padà bíi ti inú yàrá) lé e lórí, ṣe ló wá dà bíi pé inú kànga ló wà. Mo gbé díẹ̀ síbí kẹ́ ẹ gbọ́.

Bọ̀dé Takie
Ra èyí tó dáa. Ọ̀fẹ́ ò lè dà bí olówó.

Ẹ̀gbọ́n Dùùrù
Àbúrò mi, má tíì ná kọ́bọ̀. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó ń fọn trumpet rẹ kò mí rárá! Báà (bar) mẹ́jọ gbáko, ìró kan ò tíì kú tí òmíràn ti gùn ún lẹ́yìn. Ọwọ́ dùùrù lo fi kọ ọ́. Dìde dúró, fi ẹnu kọ ìlà yẹn, "pa-pa-paaa", bí o ṣe fẹ́ kí wọ́n fọn ọ́n gan-an. Ibi tí èémí bá ti tán fún ọ, gé ìró níbẹ̀, kí àyè díẹ̀ ṣófo.

Lẹ́yìn náà, lọ wo velocity, ìyẹn agbára tí a fi tẹ ìró kọ̀ọ̀kan. Ó jọ pé mọ́úsì lo fi tò ó, tí gbogbo rẹ̀ wà lórí iye kan náà. Láti 1 dé 127 ni àyè tí o ní, lò ó. Ìdí tí dùùrù rẹ fi dùn ni pé ìpele agbára 16 ni wọ́n fi gba Yamaha C5 sílẹ̀ fún Salamander. Trumpet ọ̀fẹ́ kì í ní tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ ló máa ṣe ìyókù. Wo onígángan lóde ìyàwó, kì í fi agbára kan náà gbé kọ̀ǹgọ́ lé awọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìró tó bá gùn, fi CC11 (àṣẹ tó ń mú ìró lọ sókè tàbí sódò bó ṣe ń dún lọ́wọ́) gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Bí ìró kan náà bá tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á máa dún bí ìbọn. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: ṣí trumpet náà lẹ́ẹ̀kejì, gbé ohùn èkejì sókè ní semitone kan (láti kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èyí tó kàn án gan-an), kí o wá kọ ìró tirẹ̀ sí semitone kan nísàlẹ̀. Ohùn kan náà ló máa jáde, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ sample (ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀) míì. Pín àwọn ìró yẹn fún méjèèjì. Bó bá ṣì jọra, gbìyànjú semitone méjì tàbí mẹ́ta, torí wọ́n lè ti fo kọ́kọ́rọ́ nígbà tí wọ́n ń gba ohùn sílẹ̀.

Àdùkẹ́ Alto
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Reverb ẹyọ kan ni kí o lò fún gbogbo wọn, kí wọ́n lè jọ wà nínú yàrá kan. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí mo gbọ́ lábẹ́ orin yẹn ńkọ́? Ti kọ̀ǹpútà náà ni? Jọ̀ọ́, yọ ọ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò wọ́n wa nílùú yìí. Fóònù ni mo fi gba tèmi, lóru tí gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, mo sì ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sára ògiri.

Ayọ̀_UnderG
Ẹ ṣeun gan-an. Ní báà kẹrin ni èémí ti tán fún mi. 100 ni gbogbo velocity, bí ẹ̀gbọ́n ṣe rò ó. Ó ti ń dún bí èèyàn báyìí. Ìró ìparí nìkan ló kù, ṣe ló ń já lójijì bí ẹni pé wọ́n fi abẹ gé e.

Ẹ̀gbọ́n Dùùrù
Fi kún release rẹ̀ (bí ìró ṣe ń pẹ́ tó kó tó kú) díẹ̀, kí o sì fi CC11 rọra sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó dé òpin. Tún un gbé wá.