Bàálù kékeré ni kí n rà fún ìyàwó mi, àbí ọkọ̀ onílé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Òkè-Fìà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí màá béèrè nǹkan. Ọmọ ọdún 66 ni mí. Irin àti sìmẹ́ńtì ni mo tà l'Óṣogbo fún ọdún 35 kí n tó fi ìsọ̀ lé àbúrò mi lọ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá mo ta ilẹ̀ kan tí mo rà nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó, owó gidi ló sì wọlé.

Ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi owó náà tọ́jú. Eegun ẹ̀yìn ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí. Tó bá ti jókòó sínú mọ́tò ju wákàtí kan lọ, ìrora á gba itan rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, àfi kó nà gbalaja. Àwọn ọmọ wa wà ní Ìlọrin, Èkó àti Àbújá. Ọdún kejì rèé tí kò tíì dé Àbújá. Ọmọ tí àbíkẹ́yìn wa bí, inú fóònù nìkan ló ti ń rí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ó ní àwọn tó ti fẹ̀yìn tì níbẹ̀ máa ń ra motorhome, ìyẹn ọkọ̀ onílé, tó tóbi bíi bọ́ọ̀sì luxurious, tí bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀sì Prevost ti Kánádà ṣe lè ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ, nígbà tí èèyàn lè fi owó tó lé díẹ̀ ní 100,000 dọ́là ra Cessna 172 tòkunbọ̀, bàálù oníjókòó mẹ́rin. Èmi ò ní ra ti mílíọ̀nù 2. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ọkọ̀ onílé tó dáa àti tòkunbọ̀ bàálù, owó wọn ò jìnnà síra. Bàálù ò mọ kòtò. Ọkọ̀ onílé ní tirẹ̀, ìyàwó mi á rí ibi sùn. Èwo ni kí n mú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni kó dá mi lóhùn.

Ẹnjiníà Bàálù

Ẹ kú ìtọ́jú màmá, sà. Zaria ni mo ti kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe bàálù, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó ti wà níbẹ̀ láti 1964. Bàálù tó dára ni 172. Ọdún 1955 ló kọ́kọ́ fò, èyí tí wọ́n ti ṣe jáde lé ní 44,000, kò sì sí bàálù mìíràn láyé tó pọ̀ tó o. Ó ń sá tó kìlómítà 226 ní wákàtí kan, ó ń mu nǹkan bíi lítà 32 láàárín wákàtí náà. Láti Ìlọrin sí Àbújá, kò ní tó wákàtí kan àti ààbọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nìkan á sáré lọ rà á.

Ẹ wá gbọ́ ìyókù. Epo rẹ̀ kì í ṣe Jet A-1 tí wọ́n ń bù fún àwọn bàálù ńlá. Avgas ló ń mu, irú bẹntiróòlù kan tó ní òjé nínú, ó sì ṣòroó rí nílẹ̀ yìí. Bàálù kékeré mìíràn wà, Diamond DA40 NG, tó ń mu Jet A-1, ẹ́ńjìnnì mọ́tò Mercedes ni wọ́n tún ṣe sínú rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ti ga ju èyí tí ọ̀rẹ́ yín sọ lọ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì 172, tó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 2,000 tàbí tó ti pé ọdún 12, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe. Ọdún 12 yẹn ni kí ẹ fojú sí, sà. Bí ẹ kò tilẹ̀ gbé e fò, ọjọ́ ń lọ, bàálù tí kì í fò ni ìpẹtà sì ń jẹ nínú jù.

Ìwọ̀n ńkọ́? Tí epo bá kún un, àgbà mẹ́ta ló lè gbé, kì í ṣe mẹ́rin. Iṣu àti èlùbọ́ tí màmá fẹ́ kó fún àwọn ọmọ, ilé ni yóò kù sí. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù sì ṣọ̀wọ́n nínú àwọn ti àtijọ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n á gbé ga kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Wákàtí 40 ló kéré jù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ kí wọ́n tó fún yín ní láísẹ́ńsì, tàbí kí ẹ gba páílọ́ọ̀tì kí ẹ máa sanwó oṣù. Ẹ tún gbọ́dọ̀ gba PNCF, ìwé àṣẹ bàálù tí kì í ṣe ti òwò, lọ́wọ́ NCAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù, ìwé náà ò sì gbà kí ẹ gbowó lọ́wọ́ èrò kankan. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé bàálù náà á máa pawó, ẹ má gbọ́ tirẹ̀.

Ìgbà Kérésìmesì sí ọdún tuntun ni ẹbí máa ń fẹ́ ríra jù, ìgbà ọyẹ́ sì ni. Páílọ́ọ̀tì tó ń fi ojú wo ọ̀nà ń fẹ́ kí ojú ríran tó kìlómítà 5. Tí eruku ọyẹ́ bá bolẹ̀, ẹ ò ní gbéra. Ibo lẹ tiẹ̀ máa gbé e sí? Gbogbo wa la mọ bó ti pẹ́ tó tí a ti ń retí pápákọ̀ òfurufú Ìdó-Ọ̀ṣun. Alákìà n'Ìbàdàn ló kù, tàbí Ìlọrin. Ìyẹn ni pé màmá á kọ́kọ́ jókòó sínú mọ́tò bíi wákàtí méjì kí wọ́n tó fojú kan bàálù.

Bàbá Òkè-Fìà

Ọmọ mi, o ṣeun. Ibi tí o parí ọ̀rọ̀ sí yẹn, n kò rò ó débẹ̀ rárá.

Ìyá Aláṣọ

Ṣé kí ẹ má kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì láti Ìlọrin ni, kí ẹ sanwó ìjókòó méjì fún màmá?

Bàbá Òkè-Fìà

A ti ṣe é, ìyá wa. Wọ́n ní aago 11 la máa gbéra, aago 5 ìrọ̀lẹ́ la gbéra, orí àga irin ló jókòó sí ní gbogbo àkókò náà. Ó ń sunkún ká tó wọlé. Láti ìgbà náà ni kò ti lọ mọ́.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ̀gbọ́n, mo fi ọdún 22 wa bọ́ọ̀sì luxurious, ọ̀nà Òkè Ọya ni mo mọ̀ jù. Àwọn ọkọ̀ onílé ńlá ti Amẹ́ríkà yẹn, gígùn wọn lè tó mítà 13 àti ààbọ̀. Èyí tó wà lórí Prevost, abẹ́ rẹ̀ le, bọ́ọ̀sì gidi ni, àmọ́ ó lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 24. Àwọn tí owó wọn rọ̀, pákó àti fáíbà ni wọ́n fi kọ́ ilé orí wọn, títì tó tẹ́ bí ẹní ni wọ́n sì ṣe wọ́n fún. Tí irú rẹ̀ bá gba gálọ́ọ̀pù Jẹ́bà sí Mókwà lẹ́ẹ̀mejì, ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù á já, òrùlé á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ẹ̀gbẹ́ kan wà lára wọn tó máa ń yọ síta tí wọ́n bá páàkì, kí yàrá lè fẹ̀ sí i. Eruku wa á wọ ojú irin rẹ̀, á há síta, ẹ ò sì ní lè gbéra.

Ẹ tún wo àdúgbò yín. Ọkọ̀ tó ga tó mítà 3.8, wáyà iná ńkọ́? Ibo lẹ máa ti yí i padà?

Sprinter gígùn, bọ́ọ̀sì Mercedes, èyí tí òrùlé rẹ̀ ga tí èèyàn lè dìde dúró nínú rẹ̀, òun ni èmi á rà. Kí ẹ mú ti ìgbà tí kò tíì ní fílítà èéfín lẹ́nu sálẹ́ńsà, nítorí irú dísẹ̀lì tí à ń rà máa ń dí i pa. Káfíńtà àti wẹ́dà tó mọṣẹ́ kún Òṣogbo, wọ́n á bá yín ṣe inú rẹ̀. Kí ẹ má sì rin alẹ́ o. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ti wọ ọgbà hòtẹ́ẹ̀lì tó ní ọlọ́dẹ.

Ọmọ Òṣogbo ní Texas

Ẹ kú àárọ̀, sà. Èmi àti ọkọ mi háyà motorhome fún ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ó dùn, n kò ní purọ́. Mo ro ẹ̀bà nínú ọkọ̀ ní New Mexico, a ṣí fèrèsé, òkè ńlá wà níwájú wa. Gálọ́ọ̀nù kan ò gbé wa ju máìlì 8 lọ, a fara mọ́ ọn.

Ohun tí àwọn tó ń tà á kì í fi ṣáájú ni ìdọ̀tí. Omi ìgbọ̀nsẹ̀ ń wọ táńkì kan lábẹ́ ọkọ̀, omi ìwẹ̀ àti ti abọ́ ń wọ òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, ọkọ mi á wọ ìbọ̀wọ́, á so ọ̀pá rọ́bà mọ́ ọn, á tú u sínú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un ní àgọ́ tí a bá sùn sí. Àgọ́ wọ̀nyẹn ló ń fún èèyàn ní omi, tó ń fún un ní iná, tó sì ń gba ìdọ̀tí. Tí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ yẹn wá sílé, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbẹ́ ihò náà.

Iná rẹ̀ tún nìyẹn. Fólítì 120 ni ti Amẹ́ríkà, tiwa jẹ́ 230. Àwọn ti Jámánì àti Netherlands ló bá iná wa mu. Ẹ má gba ti ìlú ọba, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà, òfin ò sì gba irú rẹ̀ wọlé. Láti 1972 la ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì bíi tiwọn. Nǹkan kan sì wà nínú àwọn ti Yúróòpù tí mo fẹ́ràn: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ní àpótí kan lábẹ́, bíi lítà 20. Ẹ ó fà á yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ ó gbé e lọ sílé ọmọ yín, ẹ ó dà á sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó tán. Wọ́n ń ta àpótí yẹn lọ́tọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Bàbá, mo bẹ yín, ẹ má jẹ́ kí màmá sùn sórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré. Bí bíréèkì kan bá ṣẹ́ lójijì, kò sí ohun tó máa dá wọn dúró. Àga tó ń rọ̀ sẹ́yìn ni kí ẹ ṣe, èyí tó ní bẹ́líìtì tí wọ́n dè mọ́ irin ọkọ̀ gan-an, kì í ṣe mọ́ pákó. Bẹ́ẹ̀dì, ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró ni. Kí ẹ máa dúró ní ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn díẹ̀. Kí ẹ fi èrò yìí han dókítà tó ń tọ́jú eegun wọn kí ẹ tó náwó.

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè délẹ̀, n kò tíì rí ohun tí màmá fúnra wọn sọ. Ṣé ẹ ti bi wọ́n?

Bàbá Òkè-Fìà

Ẹ̀yin ará, ọjọ́ kejì lónìí tí mo ti dákẹ́. Mo bi í. Ó ní bàálù ò wá sí òun lọ́kàn rí. Ó ní ìrora náà wà lóòótọ́, àmọ́ ohun tó jẹ́ kí òun máa kọ̀ láti lọ ni ìtìjú: kí ọkọ̀ dúró létí igbó, kí òun máa wá ibi tí òun máa tọ̀ sí, kí àwọn èrò máa wo òun bí òun ṣe ń fi igi rìn padà. Ọdún 39 la ti fẹ́ra, n kò mọ̀.

Ó tún sọ nǹkan kan. Jẹ́bà ló ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, ká tó pàdé. Ó ní tí a bá ń lọ Àbújá, òun fẹ́ dúró níbi tí òun ti lè rí odò Ọya, kí òun jókòó wò ó títí tó fi máa tẹ́ òun lọ́rùn, láìsí dírẹ́bà tó ń fọn fèrè. Bàálù ò lè ṣe ìyẹn fún un.

Mo ti rí Sprinter kan, ti 2005, láti Jámánì ló ti wá, fèrèsé pọ̀ lára rẹ̀. Dókítà ní òun fara mọ́ àga náà. Ọmọ mi ní Texas, bá mi wo iye tí àpótí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yẹn jẹ́. Awakọ̀, àbúrò mi, ṣé wàá lè bá mi lọ wo abẹ́ ọkọ̀ náà l'Ọ́jọ́bọ̀? Nọ́ọ̀sì, ìyàwó mi ní kí n kí yín dáadáa.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ọjọ́bọ̀ dára, ẹ̀gbọ́n. Aago méje àárọ̀. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n má fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ká tó dé o, mo fẹ́ bá ẹ́ńjìnnì náà ní tútù, kí n gbọ́ bó ṣe máa ta.