Lórí "Lítíréṣọ̀ Obìnrin" àti Ìwé Kíkà "Láàyè"

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ìwé ìpè kan tí wọ́n ní kí a bá àwọn túmọ̀ sí Yorùbá ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìpàdé alẹ́ kan ni, níbi tí àwọn obìnrin tó ń kọ ìtàn àti ewì lóde òní yóò ti ka iṣẹ́ wọn níwájú èrò, tí àwùjọ yóò sì yẹ́ iṣẹ́ náà sí. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a pè é ní "Alẹ́ Ayẹyẹ Lítíréṣọ̀ Obìnrin Ìgbàlódé Láàyè." Àbúrò wa kan sì dáhùn pé kí a yọ "obìnrin" kúrò pátápátá, nítorí pé èdè wa kì í fi "ó" ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Mo gbé àbá méjèèjì yẹ̀ wò, n kò sì lè fọwọ́ sí ìkankan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè gbé "láàyè", tí ẹ̀gbọ́n wa fi túmọ̀ "live" ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, kúrò lọ́nà. Ohun tí kò tí ì kú ni a ń sọ pé ó wà láàyè. Bí a bá kọ ọ́ pé òǹkọ̀wé kan yóò kàwé láàyè, ẹni tó bá rí i lè béèrè bóyá òkú ló ti ń kà á bọ̀. Àwọn oníròyìn máa ń ní àwọn ń gbé ètò sáfẹ́fẹ́ ní tààrà, ìyẹn sì bá iṣẹ́ tiwọn mu, torí ohun tó jẹ wọ́n lógún ni pé wọn kò gbà á sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi ìwé kíkà, nǹkan mìíràn là ń lọ wò. Ẹ fojú inú wo obìnrin tó dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ó ṣí ìwé síbi tó ti ká etí ojú-ewé, ó kà dé ìlà kẹta, ahọ́n rẹ̀ kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó padà síbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn rọ́pò èyí tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun yẹn. "Lójúkorojú" ni èdè wa ń pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Orí "lítíréṣọ̀ obìnrin" ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, èdè wa kì í sọ irú okùn tó so wọ́n pọ̀, etí olùgbọ́ ló ń wá a. Aṣọ obìnrin ni èyí tí a rán fún obìnrin láti wọ̀, ì báà jẹ́ ọkùnrin ló rán an. Ohùn obìnrin ni èyí tó ti ẹnu obìnrin jáde. Ọ̀rọ̀ obìnrin sì lè jẹ́ èyí tí obìnrin sọ tàbí èyí tí a sọ nípa rẹ̀. Lítíréṣọ̀ obìnrin wá ńkọ́? Ṣé èyí tí obìnrin kọ ni, àbí èyí tó dá lórí obìnrin, àbí èyí tí a kọ fún obìnrin láti kà? Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀mọ̀wé lásán. Ní 1991, kò sí obìnrin kankan nínú àwọn mẹ́fà tí ìwé wọn dé ìpele ìkẹyìn fún Booker, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún ìwé ìtàn àròsọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú awuyewuye tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀bùn tí à ń pè ní Women's Prize for Fiction lónìí ti hù jáde, tí wọ́n sì kọ́kọ́ fi í fún ẹnìkan ní 1996. Òfin ẹ̀bùn náà béèrè pé kí obìnrin ló kọ ìwé, ṣùgbọ́n kò béèrè ohun tí ìwé dá lé. Obìnrin tó kọ ìtàn ogun tí kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Irú ìtumọ̀ yìí ni ìwé ìpè wa ní lọ́kàn, "lítíréṣọ̀ obìnrin" kò sì sọ ọ́.

Ti àbúrò wa wọ̀ mí létí dé ìwọ̀n kan. Òótọ́ ni pé "ó kọ ewì" kò fi ẹni tó kọ ọ́ hàn. Nígbà tí àwọn obìnrin mẹ́ta ọmọ ìyá tó ń jẹ́ Brontë, òǹkọ̀wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé ewì wọn jáde ní 1846, orúkọ Currer, Ellis àti Acton Bell ni wọ́n fi bojú kí a má baà mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n; ẹni tó bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ nípa wọn ìbá pa àṣírí náà mọ́ láìṣe wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ìbojú ni ìyẹn, ìyẹ́sí sì ni tiwa. Láti 1901 títí di 2024, ẹni 121 ló ti gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀, obìnrin sì jẹ́ 18 péré nínú wọn. Ẹni tó bá pe èrò jọ nítorí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, tó wá yọ "obìnrin" kúrò nínú àkọlé, kò ní lè sọ ìdí tó fi pè wọ́n.

Mo kọ́kọ́ rò pé "òǹkọ̀wé obìnrin òde òní" yóò yanjú rẹ̀, àfi ìgbà tí mo kà á sókè tí mo sì gbọ́ "obìnrin òde òní" níbẹ̀, bí ẹni pé aṣọ àti irun wọn la fẹ́ yẹ́ sí. "Ìgbàlódé" tilẹ̀ burú jù ú lọ. Ohun tó bọ́ sí i ni pé kí a jáwọ́ nínú títo ọ̀rọ̀-orúkọ jọ, kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀: "ìwé tí àwọn obìnrin ń kọ lóde òní." Ta ló ń kọ ọ́, ìgbà wo ló ń kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ ti hàn. Ewu kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, mo sì bẹ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ pé kó má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àmì. Bí àmì bá ṣí kúrò, ìwé tí àwọn obìnrin ń kọ lè di èyí tí wọ́n ń kọ̀, tàbí èyí tí wọ́n ń kọ́. Bí ẹ bá tún yọ àmì ìsàlẹ̀, wọ́n ti di ẹni tó ń kó ìwé lọ.

"Ayẹyẹ" náà ń mú jíjẹ mímu wá sọ́kàn, àwọn mìíràn yóò sì rò pé ìkówèéjáde ni. "Àyẹ́sí" sún mọ́ ọn jù. Ní ti àkókò, bí wọn yóò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago méje, àṣálẹ́ ni. Àbá tèmi nìyí: "Àṣálẹ́ Àyẹ́sí fún Ìwé Tí Àwọn Obìnrin Ń Kọ Lóde Òní," kí a sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé àwọn òǹkọ̀wé yóò ka iṣẹ́ wọn sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ lójúkorojú.

Ẹni tó dúró lórí pèpéle tó ń kà á ni n kò tí ì rí orúkọ fún. "Òǹkàwé" ti di ti ẹni tó gbé ìwé lọ ka ní kọ̀rọ̀ yàrá rẹ̀. Mo gbìyànjú "akàwé-sétígbọ̀ọ́", ahọ́n mi kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá a kí ìwé ìpè náà tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé.