Ẹ jọ̀ọ́, ìnṣọ́ránsì ìlera Netherlands, èwo ni kí àbúrò mi mú?

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Netherlands, ẹ bá mi dá sí i o. Àbúrò mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ fún iṣẹ́, wọ́n ní dandan ni kó ra ìnṣọ́ránsì láàárín oṣù 4. Ó yé mi pé ìjọba ló sọ ohun tí basisverzekering (ìnṣọ́ránsì ìpìlẹ̀ tó jẹ́ dandan) máa bò, kò sí iléeṣẹ́ tó lè kọ̀ ọ́, owó oṣooṣù ló yàtọ̀. Eigen risico yẹn ló ń dà mí láàmú, yúúrò 385 lọ́dún ló máa kọ́kọ́ ti àpò ara ẹ̀ san fún ìtọ́jú kí ìnṣọ́ránsì tó bẹ̀rẹ̀ sí í san, tó bá gbà kó di 885 owó oṣooṣù á wálẹ̀, àmọ́ ó ní ikọ́ fée, inhaler ò kì í kúrò nínú báàgì ẹ̀, òtútù ibẹ̀ sì le gan-an. Ṣé kó dúró sórí 385 ni? Ẹni tó ti lò ó rí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ̀rọ̀.