"Ìyáná" ni àbí "ìpajúdà"? Lórí orúkọ iṣẹ́ tí plásímà ń ṣe lójú ike

Àbá mẹ́ta ló ti wà nílẹ̀ lórí ohun tí a ó máa pe, ní èdè Yorùbá, ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gbà fi plásímà mú kí gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà ìtẹ̀wé dì mọ́ ike dáadáa: "ìfomi-ẹ̀jẹ̀-tọ́jú-ike", "ìtọ́jú ojú ike" àti "ìyáná ike". N kò fara mọ́ ìkankan nínú wọn.

Ti àkọ́kọ́ kò gba àríyànjiyàn. Lóòótọ́ ni ẹnìkan tí ó bá Irving Langmuir, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ sọ pé omi inú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń pè ní plásímà, ló wà lọ́kàn ọ̀gbẹ́ni náà nígbà tí ó lo orúkọ "plásímà" ní 1928, ṣùgbọ́n plásímà tiwa yìí kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Afẹ́fẹ́ tí agbára iná mànàmáná ti já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi "plásímà" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti "ìtọ́jú ojú", ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò béèrè ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe é.

"Ìyáná" ni ó yẹ kí a jókòó tì, nítorí àwọn tí ó dá a ní ẹ̀rí lọ́wọ́: plásímà máa ń tàn yòò, mànàmáná ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ sì jẹ́ plásímà. Síbẹ̀, bí a bá fi orúkọ iná fún èyí, kí ni a ó pe ọ̀nà kejì tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ iná gáàsì gan-an ra ojú ike kọjá wéré, bí wọ́n ti ń ṣe fún bọ́ńpà ọkọ̀ kí wọ́n tó kùn ún? Ìyẹn gan-an ló yáná. Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe ooru ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Nínú plásímà tí wọ́n ń dá sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nìkan ló gbóná gan-an. Afẹ́fẹ́ tó kù lè má gbóná ju ti inú yàrá lọ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìbá ká kò lẹ́bàá àbẹ́là fi ń jáde níbẹ̀ láìkákò.

Ẹ kán omi sórí ọ̀rá tuntun kí ẹ wò ó: yóò ṣù jọ, kò ní tàn ká. Kábọ́nù àti háídírójìn nìkan ni polyethylene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá ní, kò sí ohun tí ọ̀dà lè dì mú lójú rẹ̀. Agbára ojú rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ojú náà ṣe lè fa omi tàbí ọ̀dà mọ́ra, jẹ́ nǹkan bíi mílínútọ́nì 31 nínú mítà kan, nígbà tí ti omi jẹ́ nǹkan bíi 72. Plásímà a máa já háídírójìn díẹ̀ kúrò, ọ́síjìn a sì bọ́ sípò rẹ̀. Àwọn atẹ̀wé sábà máa ń fẹ́ kí ìwọ̀n náà gòkè dé 38 ó kéré tán. Àyípadà yìí kò jìn ju nánómítà díẹ̀ lọ, àwọ̀ ike náà kò sì yí padà, èyí tí ó mú kí "ìpawọ̀dà" tí àwọn kan ń dábàá lábẹ́lẹ̀ ṣìnà pẹ̀lú.

Nítorí náà, "ìpajúdà" ni tèmi, bí "paradà" ti bí "ìparadà". A ó ní ìpajúdà oníplásímà, ìpajúdà oníná, àti ìpajúdà oníkòrónà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná tí ń tú jáde nínú afẹ́fẹ́ lásán ṣe, tí ó wọ́pọ̀ jù fún ọ̀rá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ gbèsè ni ó ń pajú dà, kò burú. Ojú náà ni.

Mo tún kíyè sí i pé a ń kọ ọ́ pé plásímà "ń mú kí ike máa lẹ̀". Ike tí a pa lójú dà kì í lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Gọ́ọ̀mù ló ń lẹ̀, ike ń gbà ni. Àwọn aláró a máa ní aṣọ yìí gba aró, akunlé a sì ní ògiri kò gba ọ̀dà. "Agbára ìgbọ̀dà" ni kí a máa lò fún ike, kí "ìlẹ̀mọ́" jẹ́ ti àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ó ku ohun tí ń ṣẹlẹ̀ bí ike náà bá pẹ́ ní yàrá ìkẹ́rù, tí agbára ojú rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dábàá "ìṣá". Mo fara mọ́ "àjórẹ̀yìn" jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí aṣọ tí ó ṣá ti pàdánù àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ike tí ó jó rẹ̀yìn ṣeé tún pa lójú dà.