Ìgbẹ́ ń yọ́ lára màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tóyọ̀sí, Adó-Èkìtì:
Ẹ kú ilé o. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọ̀rọ̀ yìí gbà. Màmá mi ti ń ṣu sára. Omi ìgbẹ́ á kàn máa yọ́ jáde, wọn ò ní mọ̀, àfi ká gbóòórùn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, orí àga ṣọ́ọ̀ṣì ni, àga tí ẹgbẹ́ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwó rà. Ìyàwó pásítọ̀ ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí ojú tó fi wò mí. Màmá ò jáde mọ́ látìgbà náà. Wọ́n ní kí n máa sọ fáwọn ẹgbẹ́ wọn pé ibà ni.

Èmi nìkan ni mò ń fọ aṣọ, kànga wa sì ti ń gbẹ. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà l'Ékòó, "ẹ kú iṣẹ́" ló mọ̀ ọ́n sọ lórí fóònù. Ìyàwó ẹ̀ ní kí n ra Pampers àgbà. Ṣé ó mọ iye tí wọ́n ń tà á? Ọkọ mi ti ń sùn sí pálọ̀. Oògùn wo ló ń dá irú ìgbẹ́ gbuuru yìí dúró pátápátá?

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Nǹkan dídùn ti pọ̀ jù. Ẹ wá àgbo jẹ̀dí tó korò dáadáa, kí wọ́n máa mu ún kí wọ́n tó jẹun àárọ̀.

Bàbá Tíṣà:
Ẹ rọra o. Ìyá tó bí yín lẹ ní ó ń "ṣu sára" yẹn? Ta ló nu ìdí yín nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọ ọwọ́?

Ìyá Tóyọ̀sí:
Bàbá, ẹ wá bá mi fọ aṣọ lọ́la, ká wá jọ sọ ti èdè.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́:
Kì í ṣe jẹ̀dí ni gbogbo ẹ̀. Mi ò tíì pé ogójì ọdún tó fi ṣe mí. Ọmọ tí mo bí tóbi, ojú ara mi fàya dé ihò ìdí. Wọ́n rán an, mo rò pé ó tán nìyẹn. Tí mo bá sín, ìsó á jáde. Tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n mí, mi ò ní lè mú un dé ilé ìgbẹ́. Ọkọ mi ò mọ̀, mo máa ń ní ọmọ ló yà sí mi láṣọ. Wọ́n wá kọ́ mi lọ́sibítù pé kí n máa fún ihò ìdí pọ̀ bíi pé mo fẹ́ mú ìsó dúró, kí n dì í mú díẹ̀, kí n tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́. Ó pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́, kò sì lọ tán. Àmọ́ mo ti ń wọ mọ́tò lọ Àkúrẹ́ láìkó ìró mìíràn dání.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Tìbímọ nìyẹn. Ti màmá yìí, jẹ̀dí ni.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ìyá Tóyọ̀sí, ṣé màmá ní àtọ̀gbẹ? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ṣé wọ́n ń rù? Ṣé ẹsẹ̀ wọn ń kú, àbí ìtọ̀ náà ń bọ́? Ìgbà wo ni wọ́n yàgbẹ́ tó ki gbẹ̀yìn? Oògùn wo ni wọ́n ń lò?

Ìyá Tóyọ̀sí:
Ẹ̀jẹ̀ ò sí, wọn ò rù. Ẹsẹ̀ ò kú, ìtọ̀ ò bọ́. Wọ́n ti yẹ àtọ̀gbẹ wò, kò sí. Kì í ṣe pé mi ò tọ́jú wọn o. Mo ti dá iyán alẹ́ dúró, mo sì ní kí wọ́n má fẹnu kan omi lẹ́yìn aago mẹ́rin, kí ilẹ̀ lè mọ́ wa ire.

Ọmọ Ìjerò:
Ẹ dá iyán dúró fún ará Èkìtì! Ebi lẹ fẹ́ fi pa wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ó ku méjì tẹ́ ò tíì dáhùn.

Ìyá Tóyọ̀sí:
Èyí tó ki ti pẹ́ díẹ̀. Látìgbà tí wọ́n ti ṣubú lẹ́yìnkùlé, orúnkún ń dùn wọ́n, Tramadol ni oníkẹ́míìsì ń fún wọn. Ìgbẹ́ wọn kọ́kọ́ le bí òkúta, wọ́n á jókòó títí òógùn á fi bò wọ́n. Ó wá di omi, inú mi tiẹ̀ dùn pé ó ti rọ̀. Nígbà tó fẹ́ dójú tini ni mo ra Loperamide, oògùn tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, àárọ̀ àti alẹ́. Oníkẹ́míìsì ló ní kí n fún wọn, mi ò dá a ṣe.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ dá Loperamide yẹn dúró lónìí. Ó jọ pé kì í ṣe gbuuru rárá. Tramadol máa ń mú kí ìfun falẹ̀. Ìgbẹ́ á le, á dì sí ọ̀nà ìdí, omi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ jò jáde. Loperamide ń dì í sí i, àìmomi náà ń dì í. Ẹ má sì fi àgbo jẹ̀dí lé e lórí.

Ẹ gbé wọn lọ kí dókítà fọwọ́ yẹ ìdí wọn wò. Ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà n'Ídòó, ti ìpínlẹ̀ wà n'Ádòó níbẹ̀. Tí ikùn bá ń wú tàbí tí wọ́n ń bì, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ti Tramadol, dókítà ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù.

Tí ọ̀nà bá ti là, kí wọ́n máa lọ jókòó sílé ìgbẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, torí oúnjẹ ló ń jí ìfun. Ẹ gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Omi, ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ. Tó bá yọ́ sára, ẹ fomi ṣàn án, ẹ faṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ fi Vaseline pa á kí awọ má bàa bó.

Ọmọ Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ò fẹ́ràn àgbo. Bàbá mi mu ún títí wọ́n fi lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

Ìyá Ìbejì Ìkẹ́rẹ́:
Ṣé ìgbẹ́ ń yọ́ lára bàbá yín ni?

Ìyá Tóyọ̀sí:
Mo ti bá màmá sọ ọ́. Wọ́n ní kò sí ọmọkùnrin tó máa fọwọ́ kan ìdí àwọn. Ṣé dókítà obìnrin wà n'Ídòó?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́:
Ẹ béèrè fún obìnrin ní kété tẹ́ ẹ bá débẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, títí kan èyí tẹ́ ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan.